Ọmọ Tí Ìwọ̀n Rẹ̀ Dúró Sójú Kan: Ìdáhùn fún Ìyá Ọmọ Oṣù 20

“Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọbìnrin mi ti pé oṣù 20. Kílò 3.2 ni nígbà tí mo bí i, ó jẹ́ kílò 9.0 nígbà tí ó pé ọdún kan, ó sì jẹ́ 9.5 ní oṣù 15. Láti ìgbà náà, ó dà bí ẹni pé ó dúró sójú kan: 9.6 ní oṣù 18, 9.6 náà ni ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 74 ní ọdún kan, ó ti di 81 báyìí. Mo já a lẹ́nu ọmú ní oṣù 15, wàrà inú ìgò ni ó sì ń mu láti ìgbà náà, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún lójúmọ́. Tí a bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ṣíbí mẹ́ta ni yóò gbà kí ó tó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ya ìgbẹ́ gbuuru lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tóbi jù ú lọ nígbà tí òun náà wà ní ọjọ́ orí yìí. Nọ́ọ̀sì kan ní kò sí ohun tó ṣe é, òmíràn ní ọmọ náà ti kéré jù. Ìyá ọkọ mi ní eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ṣé ọmọ mi ti dẹ́kun dídàgbà ni? Ṣé kí n ra oògùn tí ń mú kí ọmọ jẹun?”

Ìyá ọmọ, ẹ kú ìtọ́jú. Mo ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé ìbéèrè mẹ́ta ni ẹ dì sínú ẹyọ kan. Èkíní ni bóyá ó yẹ kí ìdàgbà ọmọ falẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan. Èkejì ni bóyá ti ọmọ yín ti kọjá kí ó falẹ̀ lásán. Ẹ̀kẹta sì ni bóyá oògùn kan wà tí ẹ lè rà láti fi tún un ṣe. Ìdáhùn mi sí èkíní ni bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àríyànjiyàn. Sí ẹ̀kẹta, rárá ni, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Orí èkejì ni iṣẹ́ wà, nítorí pé ohun tí ẹ kọ fi hàn pé apá kan ẹ̀rù yín kò ní ìdí, apá kejì sì ní ìdí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó ti ń rú ọ̀pọ̀ òbí lójú. Ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọ tuntun a máa fi nǹkan bí gíráàmù 25 sí 30 kún ìwọ̀n rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa bá a lọ, ọmọ náà ìbá wúwo tó àgbàlagbà kí ó tó pé ọdún mẹ́fà. Ara kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀n tí wọ́n bí ọmọ mọ́ a máa di ìlọ́po méjì láàárín oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, a sì máa di ìlọ́po mẹ́ta ní nǹkan bí ọdún kan, ṣùgbọ́n yóò tó ọdún méjì tàbí ọdún méjì ààbọ̀ kí ó tó di ìlọ́po mẹ́rin. Gígùn náà kò yàtọ̀: nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 25 ní ọdún kìíní, nǹkan bí 12 ní ọdún kejì, nǹkan bí 8 ní ọdún kẹta. Ọmọ tí ó bá fi kílò méjì sí mẹ́ta péré kún ara rẹ̀ láàárín ọdún kejì kò tíì ṣe ohun tí ó burú rárá, bẹ́ẹ̀ ìyá tí ó ti mọ́ lára láti máa rí i kí òṣùwọ̀n gòkè lóṣooṣù yóò rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Ikùn ọmọ a máa mọ̀ pé ìdàgbà ti falẹ̀ kí òbí tó mọ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ tí ń jẹ oúnjẹ inú àwo rẹ̀ tán ní oṣù mẹ́wàá fi lè máa ti ṣíbí sẹ́yìn ní oṣù 16, láìjẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá. Àsìkò yẹn náà ni ó ń kọ́ ìrìn tí ó sì ń sáré kiri, tí ọ̀rá tí ó kó jọ nígbà ìkókó ń yọ́, tí apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gùn. Ẹni tí kò bá rí i fún oṣù mẹ́ta yóò pariwo pé ó rù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rù. Ó ń kúrò ní ìkókó ni.

Àwọn nọ́ọ̀sì méjì tí ọ̀rọ̀ wọn ta kora, mi ò rò pé èyíkéyìí nínú wọn tàn yín jẹ. Àwọn ìlà tí ó wà nínú káàdì ìdàgbàsókè ọmọ, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006, wá láti ara àwọn ọmọ tí ó lé ní 8,000 tí wọ́n wọ̀n ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà, ìyẹn Brazil, Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Ọmọ tí ó ń mu ọmú, tí ara rẹ̀ dá, tí àìní kò sì há ilé wọn mọ́, ni wọ́n mú, wọ́n sì rí i pé bí nǹkan bá rí báyìí fún ọmọ, ìdàgbà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọmọ ibòmíràn láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́. Nínú ìwé náà, ọmọbìnrin tí ó wà ní àárín gbùngbùn a máa jẹ́ kílò 8.9 ní ọdún kan àti 10.6 ní oṣù 20, nígbà tí ìlà ìsàlẹ̀ tí a kì í fẹ́ kí ọmọ já bọ́ sábẹ́ rẹ̀ wà ní nǹkan bí kílò 8.4 ní oṣù 20 yìí. Kílò 9.6 tí ọmọ yín wà láàárín méjèèjì. Nọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ rí i pé ó wà lókè ìlà ìsàlẹ̀, ó ní kò sí nǹkan. Èkejì fi í wé àárín gbùngbùn, ó ní ó kéré. Ṣùgbọ́n ìlà àárín kì í ṣe máàkì tí ọmọ gbọ́dọ̀ gbà kí ó tó yege; ìdajì àwọn ọmọ tí ara wọn le koko ni ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a kì bá tí máa pè é ní àárín.

Ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ó kéré tán bí ẹ ṣe ròyìn rẹ̀, ni ibi tí ìlà ọmọ náà gan-an dorí kọ. Àmì kan ṣoṣo nínú káàdì kò sọ nǹkan púpọ̀ fún mi. Àmì mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí a so pọ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀. Ní ọdún kan, ọmọ yín wà lórí ìlà àárín gẹ́lẹ́. Ní oṣù 15, ó ṣì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níbẹ̀. Láàárín oṣù márùn-ún tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí ó yẹ kí ó fi nǹkan bí kílò kan kún un, gíráàmù 100 péré ni ó rí fi kún un, ó sì ti sọ̀ kalẹ̀ dé itòsí ìlà tí ó tẹ̀lé ti àárín. Gígùn rẹ̀ ní tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yà kúrò lọ́nà: ó bẹ̀rẹ̀ lórí àárín, ó sì dín díẹ̀ sí i báyìí, níwọ̀n bí ìlà àárín fún oṣù 20 ti wà ní nǹkan bíi 82.7. Nítorí náà, ọmọ yín kò dẹ́kun dídàgbà. Egungun rẹ̀ ń gùn. Ẹran ara ni kò bá a lọ mọ́. Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ kan wà tí ara wọn dá, tí wọ́n a máa kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn kí wọ́n tó pé ọdún méjì, nítorí pé ìwọ̀n tí ọmọ ní nígbà ìbí tẹ̀lé bí oyún ṣe rí, ṣùgbọ́n èyí tí yóò ní lẹ́yìn náà tẹ̀lé ohun tí ó jogún lára bàbá àti ìyá. Irú wọn a máa sọ̀ kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìwúwo àti gígùn a máa jọ rìn, wọn a sì fìdí kalẹ̀ sórí ìlà tuntun. Ti ọmọ yín kò jọ bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ìyá kan náà lè yàtọ̀ síra ní kílò méjì ní ọjọ́ orí kan náà kí ara àwọn méjèèjì sì dá ṣáṣá.

Kí a tó dá ọmọ lẹ́bi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi òṣùwọ̀n léèrè. Ó tó ìgbà tí mo ti rí ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi pé ó ń rù, tí ó sì jẹ́ pé ìtẹ́dìí tí ó rin gbingbin, pẹ̀lú bàtà àti aṣọ òtútù, ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n lákọ̀ọ́kọ́, tí wọ́n wá bọ́ gbogbo rẹ̀ nígbà kejì. Ìtẹ́dìí tí ó kún fún ìtọ̀ nìkan lè tó gíráàmù 200, ìyẹn ohun tí ọmọ oṣù 20 ń fi kún ìwọ̀n rẹ̀ láàárín oṣù kan gbáko. Òṣùwọ̀n méjì ní ilé ìwòsàn méjì kì í sì í fohùn ṣọ̀kan. Gígùn tún nira ju bẹ́ẹ̀ lọ: ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, dídùbúlẹ̀ ni a fi ń wọ̀n ọ́n, lórí pákó tí kò tẹ̀, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú, kí ẹlòmíràn na orúnkún rẹ̀. Ẹni tí ó bá dá a ṣe, pẹ̀lú téèpù lórí bẹ́ẹ̀dì, lè ṣì í ní sẹ̀ǹtímítà méjì láìmọ̀. Nígbà tí ọmọ bá sì pé ọdún méjì tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n ní ìdúró, yóò dà bí ẹni pé ó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 0.7 kúrú sí i, nítorí pé ara ènìyàn a máa sún kì nígbà tí ó bá dìde. Ìyá kan ti sunkún lójú mi nítorí mìlímítà méje yìí. Nítorí náà, kí ohunkóhun tó ṣẹlẹ̀, ẹ tún ọmọ náà wọ̀n níhòòhò, kí ó tó jẹun, lórí òṣùwọ̀n kan ṣoṣo tí ẹ ó máa lò láti ìsinsìnyí lọ. Síbẹ̀, mo gba nọ́ńbà yín gbọ́ dé ìwọ̀n kan, nítorí pé ìgbà méjì ni wọ́n jẹ́rìí sí ohun kan náà, ìtàn tí ẹ sì sọ nípa wàrà bá wọn mu.

Ètò tí ara ń tẹ̀lé nígbà tí nǹkan bá ṣe é máa ń ràn wá lọ́wọ́ púpọ̀. Bí oúnjẹ kò bá tó, ìwúwo ni ara kọ́kọ́ fi ń san gbèsè. Bí ó bá pẹ́, a kan gígùn. Orí, tí ọpọlọ wà nínú rẹ̀, ni ara ń dáàbò bò títí dé ìparí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gígùn ni ó kọ́kọ́ dúró, tí ọmọ sì sanra tàbí tí ìwúwo rẹ̀ kò dín, ọ̀rọ̀ họ́mónù ni ọkàn mi máa ń lọ sí. Mo rántí ọmọkùnrin kan tí gbogbo ilé ń yìn pé ó ki pọ́pọ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì kíyè sí i pé àwọn sòkòtò ọdún tó kọjá ṣì ń gùn fún un. Inú rẹ̀ máa ń há, awọ ara rẹ̀ gbẹ, ó sì máa ń sùn ju bó ti yẹ lọ. Ẹṣẹ́ tí ó wà ní iwájú ọrùn, tí wọ́n ń pè ní thyroid, ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa, oògùn kékeré kan tí ó ń lò lójoojúmọ́ sì ni ó mú kí gígùn rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Ọmọ yín kò sí ní irú ọ̀nà yẹn. Tirẹ̀ ni ti ọmọ tí ohun tí ń wọlé kò tó ohun tí ń jáde, ìdí tí ó sì wọ́pọ̀ jù lọ fún irú èyí káàkiri ayé ni pé ọmọ kò jẹ oúnjẹ tí ó tó, tàbí pé ohun tí ó ń jẹ kò ní agbára nínú.

Èyí ni ó gbé wa dé ìdí ìgò. Tí ìgò yín bá gba mìlílítà 200 sí 240, bí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń gbà, a jẹ́ pé lójúmọ́, wàrà tí ọmọ náà ń mu wà láàárín mìlílítà 800 sí 1,200. Lítà kan wàrà tí a kò yọ ọ̀rá rẹ̀ ní nǹkan bíi kílókálórì 600 sí 650, ìyẹn òṣùwọ̀n tí a fi ń mọ agbára inú oúnjẹ. Ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ nílò nǹkan bí 800 sí 900 lójúmọ́. Ẹ rí i pé kò sí àyè mọ́ fún oúnjẹ nínú ikùn tí kò gbà ju nǹkan bí mìlílítà 290 lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí pé nǹkan bí mìlílítà 30 fún kílò kọ̀ọ̀kan ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Ó ti yó kí àwo tó dé. Ṣíbí mẹ́ta tí ó ń gbà kì í ṣe oríkunkun. Ẹ̀rí ni pé kò sí àyè. Ẹ ó wá bi mí pé bí wàrà bá ní agbára tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ìwọ̀n kò gòkè? Nítorí pé ó gba àyè oúnjẹ yòókù ni. Ohun tí wàrà fún un dín díẹ̀ sí ohun tí ó nílò, díẹ̀ yẹn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ fún oṣù márùn-ún, pàápàá fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Bí ó bá sì jẹ́ wàrà oníyẹ̀fun ni ẹ ń pò, ẹ padà lọ wo ara agolo bóyá iye ṣíbí tí wọ́n ní kí a fi sí omi ni ẹ ń fi sí i. Omi tí ó pọ̀ jù nínú wàrà ti ṣe ju ohun tí ènìyàn lè rò lọ nínú iṣẹ́ mi, àwọn tí ń ṣe é sì pọ̀ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é, nítorí pé kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń pò ó nínú ilé.

Ewu kejì tí ó wà nínú wàrà àpọ̀jù ni mo tún bẹ̀rù ju ti àyè inú ikùn lọ. Èròjà irin tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa kò tó mìlígíráàmù kan nínú odindi lítà wàrà, bẹ́ẹ̀ mìlígíráàmù méje ni a fẹ́ kí ọmọ ọdún kan sí mẹ́ta máa rí lójúmọ́. Kálísíọ́ọ̀mù inú wàrà náà a sì máa dènà díẹ̀ tí ó bá wá láti inú oúnjẹ yòókù. Ọmọ tí irin bá wọ́n lára rẹ̀ a máa pàdánù ìfẹ́ oúnjẹ, àtẹ́lẹwọ́ àti ètè rẹ̀ a máa funfun, a máa kanra, wàrà nìkan ni yóò sì máa béèrè nítorí pé kò gba jíjẹ. Bí ó bá ṣe ń mu ún tó ni irin ṣe ń dín kù sí i. Òbí á máa bẹ̀ ẹ́, á máa fún un ní ìgò kí ó má bàa fi ebi sùn, ìgò náà á sì di ìdí tí kò fi jẹun lọ́jọ́ kejì. Mi ò bá yín wí. Ó ṣòro fún ìyá láti wo ọmọ tí kò jẹun kí ó má gbé ohun tí yóò gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tún ka lẹ́tà yín, ẹ ó rí i pé oṣù tí ẹ já a lẹ́nu ọmú tí ìgò sì wọlé ni oṣù tí ìlà náà tẹ̀.

Ìgbẹ́ gbuuru ẹ̀ẹ̀mejì náà ní ipa tirẹ̀. Nígbà tí ara ọmọ bá ń bá àìsàn jà, ó ń lo agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oúnjẹ a máa gba inú rẹ̀ kọjá láì dúró, kò sì ní fẹ́ jẹun. Gíráàmù 300 lè lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ tí ó bá ń jẹun dáadáa yóò gbà á padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, nítorí pé ara ọmọ a máa yára dí àlàfo tí àìsàn bá dá sílẹ̀ bí ẹ bá fún un ní ohun tí yóò fi dí i. Oúnjẹ kan lé ti tẹ́lẹ̀ lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí ara bá yá tó fún un. Ọmọ tí kò jẹun kò ní rí i gbà padà, àìsàn kejì á sì bá a nílẹ̀ níbẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá tún dé, omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń tà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un, pẹ̀lú síńkì mìlígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, ẹ má sì ṣe dá oúnjẹ dúró. Ní ti eyín tí ìyá wa sọ, wọn kò jìnnà sí òtítọ́, ẹran ìdí eyín tí ó wú lè mú kí ọmọ kọ oúnjẹ fún ọjọ́ díẹ̀. Eyín kò lè gbé ọmọ dúró fún oṣù márùn-ún.

N kì bá tíì ṣe iṣẹ́ mi bí n kò bá béèrè nípa àwọn nǹkan tí ẹ kò kọ. Ṣé oṣù rẹ̀ pé kí ẹ tó bí i? Ọmọ tí kò pé oṣù, a máa ń yọ iye ọ̀sẹ̀ tí ó kù nínú ọjọ́ orí rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún méjì, kí a tó wo káàdì. Báwo ni ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ ṣe ga tó? Ṣé ó máa ń hanrun lálaalẹ́, tí ó ń fi ẹnu mí? Ẹran tí ó wú lẹ́yìn imú lè dí ọ̀fun, kí ó sì sọ jíjẹ àti oorun di iṣẹ́ àṣekára. Ṣé ó máa ń làágùn tàbí kí èémí rẹ̀ máa yára nígbà tí ó bá ń mu wàrà, èyí tí yóò mú kí n gbọ́ ọkàn rẹ̀ kíákíá? Ṣé ó ní ikọ́ tí kò lọ, tàbí ibà tí ń padà wá láìní ìdí, èyí tí ó lè jẹ́ àrùn inú ìtọ̀ tàbí ikọ́ ẹ̀gbẹ? Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì ní ọ̀rá, ó ń rùn ju bó ti yẹ lọ? Ṣé ó ń mu omi, ó sì ń tọ̀, láìdáwọ́ dúró? Ṣé ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn fòníkúfọ̀ládìde bí ó bá wà nínú ìdílé? Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú àwọn àmì wọ̀nyí lára rẹ̀, kò sí ìdí púpọ̀ láti fa ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kún ìgò mẹ́jọ ní yàrá àyẹ̀wò. Nínú àwọn ọmọ tí ìtàn wọn mọ́, tí a kò sì rí nǹkan lára wọn, àyẹ̀wò tí ó pọ̀ rẹpẹtẹ kì í sábà rí ohun tuntun. Ẹyọ kan tí mo máa béèrè fún ọmọ yín lónìí, láìdúró, ni ti iye ẹ̀jẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ wàrà tí mo sọ. Bí ó bá sì lọ sílẹ̀, oògùn irin ní ìwọ̀n tí dókítà kọ yóò ṣe ju gbogbo ìmọ̀ràn oúnjẹ lọ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe rà á fúnra yín, nítorí pé irin tí ó pọ̀ jù jẹ́ májèlé fún ọmọdé.

Oògùn tí ń mú ọmọ jẹun ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń tà jù lọ ni cyproheptadine, oògùn ara yíyún tí oorun kíkùn àti ìfẹ́ oúnjẹ jẹ́ àbájáde rẹ̀. Kò sí fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì. Kódà fún àwọn tí ó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìfẹ́ oúnjẹ tí ó mú wá a máa lọ nígbà tí a bá dá a dúró. Èyí tí ó burú jù ni àwọn àdàlù tí ẹnikẹ́ni kò kọ ohun tí ó wà nínú wọn sí ara ìgò, nítorí pé a máa ń rí oògùn irú ti dexamethasone, ìyẹn sítẹ́rọ́ìdì, nínú àwọn kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ á wú, inú ilé á dùn, bẹ́ẹ̀ oògùn náà gan-an ni ó ń dí gígùn lọ́wọ́, tí ó sì ń mú kí àìsàn rọrùn fún ara láti gbà. Fítámì inú ìgò kò ní pa ọmọ lára bí a bá lò ó bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n kò ní kálórì nínú, kò sì lè di ipò oúnjẹ. Oògùn aràn, níbi tí aràn bá ti wọ́pọ̀, bójú mu láti ọdún kan lọ, lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún; kí ẹ má kàn retí pé òun ni yóò tún ìlà ṣe.

Ohun tí mo rò pé ẹ lè ṣe nínú ilé ni kí ẹ mú wàrà wálẹ̀ sí mìlílítà 350 sí 500 lójúmọ́, inú ife ni kí ó ti máa mu ún, lẹ́yìn oúnjẹ, kì í ṣe ṣáájú. Àwọn kan ní kí a kó gbogbo ìgò dànù lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó máa ń ṣiṣẹ́, ó sì yára, ṣùgbọ́n alẹ́ mẹ́ta sí márùn-ún ni ẹkún yóò fi gba ilé kan, bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá sì fohùn ṣọ̀kan, ní alẹ́ kejì ni ẹnì kan yóò yọ́ ìgò wọ yàrá. Èmi a máa fẹ́ràn kí a yọ ìgò kan láàárín ọjọ́ mẹ́rin, kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó súnmọ́ àkókò oúnjẹ jù, kí a fi ti alẹ́ sẹ́yìn. Oúnjẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, pẹ̀lú ìpanu kan tàbí méjì, ní àsìkò kan náà lójoojúmọ́, omi lásán láàárín wọn. Kí oúnjẹ náà ki, kí ó má ṣàn bí omi. Kí ẹ fi ṣíbí òróró kékeré kan sí i. Kí ẹyin, ẹja, ẹran tàbí ẹ̀wà tí a tẹ̀ wà nínú rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gbé irin wá. Ẹ jókòó tì í kí ẹ̀yin náà máa jẹ tiyín. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20 sí 30, ẹ palẹ̀ mọ́ láìjà. Ẹ má ṣe di imú rẹ̀, ẹ má ṣe sá tẹ̀lé e kiri ilé pẹ̀lú ṣíbí, nítorí pé ọmọ tí a fi tipátipá bọ́ a máa kọ́ láti bẹ̀rù àwo. Oúnjẹ tí ó tu dànù lónìí, ẹ gbé e padà wá lọ́túnla. Ó lè tó ìgbà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbà á. Ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́ yóò burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìwọ̀n rẹ̀ tilẹ̀ lè dín díẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn.

Ẹ má ṣe máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí ìsinsìnyí, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, lórí òṣùwọ̀n kan náà. Ọmọ ọjọ́ orí rẹ̀ ń fi nǹkan bí gíráàmù 200 kún un lóṣù. Bí oúnjẹ bá ti wọlé, mo ń retí kí tirẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ bá pé tí ẹ ti tẹ̀ lé gbogbo èyí tí ìlà náà kò gbéra, èrò mi nípa wàrà kò tọ́ tàbí kò tó, ó sì di dandan kí dókítà àwọn ọmọdé tú ọ̀rọ̀ náà ká láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn nǹkan kan wà tí kì í dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ: bí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bá wú, bí téèpù tí a fi ń wọn òkè apá bá fi hàn pé ó dín sí sẹ̀ǹtímítà 11.5, bí ó bá ń bì gbogbo ohun tí ó wọ inú rẹ̀, bí oorun rẹ̀ bá ṣòro láti jí, tàbí bí ó bá pàdánù ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀, bí ìrìn tàbí ọ̀rọ̀. Ọjọ́ kan náà ni kí ẹ gbé e lọ. Tí téèpù náà bá wà láàárín 11.5 sí 12.5, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

Lẹ́tà ni mo fi dá yín lóhùn, mi ò fọwọ́ kan ikùn ọmọ náà, mi ò gbọ́ ọkàn rẹ̀, ẹ kò sì kọ ìwọ̀n orí rẹ̀, èyí tí mo fẹ́ mọ̀ gan-an. Nítorí náà, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ dá lójú yín, ẹ gbé e lọ kí ẹnì kan yẹ̀ ẹ́ wò láti orí dé ẹsẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yìí, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ gbogbo ohun tí ó wọ ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, títí kan èyí tí àwọn ẹlòmíràn nínú ilé fún un. Ẹ mú káàdì rẹ̀ dání, ẹ sì mú ìgò náà gan-an àti ṣíbí tí ẹ fi ń wọn yẹ̀fun wàrà, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí bí wọ́n ṣe tóbi tó.